Ta Ni Ó Mú Kọ́kọ́rọ́ Ilé Lọ́wọ́?

Ní ayé àwọn baba wa, ìránṣẹ́ ọba kì í lọ ní ọwọ́ òfo. Bí Aláàfin bá rán ìlàrí rẹ̀ sí ìlú òkèèrè, ohun kan ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀pá, ìbáà ṣe àrokò, tí àwọn ará ìlú náà yóò fi mọ̀ pé láti ẹnu ọba ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹni tí ó mú ọ̀pá yìí lọ́wọ́ lè pe àwọn ènìyàn jọ, ó sì lè tú wọn ká; ó lè béèrè ìṣákọ́lẹ̀ ní orúkọ ọba, kí wọ́n sì kó o fún un láìjanpata. Nítorí náà ni a kì í fi ọ̀pá ọba sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí ẹni tí ó bá ń kọjá lọ máa gbé e. Ẹni tí ó bá jí i gbé, ohùn ọba ni ó jí gbé.

Lónìí, ọ̀pá àṣẹ ti kúrò ní igi, ó ti di ojú ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹgbẹ́ òṣèlú kan, láti wọ́ọ̀dù títí dé olú ilé ẹgbẹ́ ní Àbújá, tí kò ní ojú ewé Facebook tàbí gúrúùpù WhatsApp. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ olùkọ́, ẹgbẹ́ àwọn òbí, àti ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò. Ibẹ̀ ni a ti ń pe ìpàdé; ibẹ̀ ni a ti ń kéde ẹni tí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀; ibẹ̀ ni a ti ń sọ iye owó ilé ẹ̀kọ́ àti báńkì tí a ó san án sí. Ohun tí a bá kọ síbẹ̀, àwọn ènìyàn a gbà á bí ẹni pé alága tàbí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ìbéèrè wa ni èyí: ta ni ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé yìí lọ́wọ́? Bí a bá bi alága ẹ̀ka kan léèrè iye owó tí ń bẹ nínú àpò ẹgbẹ́, yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé àwọn wo ni wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ sí ojú ewé ẹgbẹ́ ní òru òní, pé nọ́ńbà fóònù ta ni a fi ṣí i, àti pé ta ni ó lè tì í pa, nígbà púpọ̀ èsì tí a ó gbọ́ ni pé, "Ọmọ kan ni ó ń bá wa ṣe é." Ọmọ wo? Níbo ni ó ń gbé? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá bínú, bí ó bá ṣàìsàn, tàbí bí àwọn jáwójáwó bá yọ fóònù rẹ̀ ní ibùdókọ̀? Ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé à ń dẹ́rù ba ará ilé lásán, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ojú àwọn tí ó lágbára jù wá lọ ti rí. Ní ọjọ́ 23 oṣù April ọdún 2013, àwọn ọ̀daràn gba ojú ewé Twitter ti Associated Press, ilé iṣẹ́ ńlá tí ń kó ìròhìn jọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bọ́ǹbù ti dún ní White House, àti pé Ààrẹ Obama ti fara pa. Irọ́ pátápátá ni. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iye owó ìpín ìdókòwò ní ọjà New York ti wálẹ̀ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 136 dọ́là, kí ó tó tún gòkè padà nígbà tí òtítọ́ jáde. Báwo ni àwọn olè náà ṣe wọlé? Wọn kò dá ògiri lu. Kété ṣáájú ìgbà náà ni a ti fi ímeèlì ẹ̀tàn ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn fa kọ́kọ́rọ́ lé olè lọ́wọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ ọjà fúnra rẹ̀ ni ó kàn. Ní ọjọ́ 9 oṣù January ọdún 2024, a jí ohùn Securities and Exchange Commission, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò. Àwọn ọ̀daràn kọ ọ́ sí ojú ewé X wọn pé ìjọba ti fọwọ́ sí i kí a máa ta ìpín tí a gbé ka orí Bitcoin ní ọjà. Lójú ẹsẹ̀ iye owó Bitcoin gòkè ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ. Nígbà tí a sì sọ pé irọ́ ni, ó já wálẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là lọ. Ọkùnrin kan ni ó gbé ayédèrú ìwé ìdánimọ̀ lọ sí ilé ìtajà fóònù ní ìpínlẹ̀ Alabama, tí ó ní òun ni ẹni tí ó ni nọ́ńbà kan, tí wọ́n sì fún un ní síìmù tuntun. Nọ́ńbà yìí ni a so mọ́ ojú ewé náà. Síìmù yìí ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi gba àṣírí tí wọ́n fi wọlé. Ilé ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rìnlá ní oṣù May ọdún 2025.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó dun gbogbo olóye nínú ọ̀ràn yìí ni pé ojú ewé náà ti ní ilẹ̀kùn kejì tẹ́lẹ̀ rí, èyí tí ń béèrè nọ́ńbà àṣírí mìíràn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìwọlé tí gbogbo ayé ń pè ní pásíwọ́ọ̀dù. Ní oṣù July ọdún 2023, ilẹ̀kùn náà fún àwọn òṣìṣẹ́ ní wàhálà, wọ́n sì ní kí a yọ ọ́ kúrò. Wọ́n yọ ọ́. Ó tó bí oṣù mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò rántí láti gbé e padà, títí olè fi dé. Ilé iṣẹ́ tí ń kọ́ gbogbo ayé bí a ti ń ṣọ́ owó ni a bá tí ó ṣí ilẹ̀kùn ara rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu.

Ọ̀rọ̀ kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, kò sì sí olè nínú rẹ̀ rárá. Àwọn àgbà nínú àwọn òǹkàwé wa yóò rántí HMV láti ara àwo orin tí a ya àwòrán ajá sí, níbi tí ó ti ń tẹ́tí sí ẹ̀rọ giramafóònù. Ní oṣù January ọdún 2013, àwọn ilé ìtajà HMV wọ gbèsè, wọ́n sì ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, bí wọ́n ti ń lé àwọn ènìyàn tí ó ju ọgọ́ta lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn tí kọ́kọ́rọ́ Twitter ilé iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá sí ojú gbogbo ayé. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ tí ọ̀gá tí ń bójú tó ìpolówó ọjà ń béèrè bí a ti ń ti Twitter pa. Ọ̀gá kò mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀! Ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó ti ń ṣí i, ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó ti ń tì í, títí ọjọ́ ìkóríra fi dé.

Ilé wa náà kò yọ sílẹ̀. Ní oṣù October ọdún 2020, nígbà tí ìwọ́de EndSARS gbóná, àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Anonymous gba ojú ewé Twitter ti National Broadcasting Commission, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe àkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ilé iṣẹ́ tí ń bá àwọn ẹlòmíràn wí lórí ohun tí wọ́n bá sọ ni ẹlòmíràn wá ń fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, ìṣubú tí a rò pé ó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa kì í ti ọwọ́ àjèjì wá. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkàwé rẹ̀, ẹni tí ó bá sì mọ ẹ̀ka ẹgbẹ́ tí ó bá a mu, kí ó fi í sí ikùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ fóònù dáadáa ṣí ojú ewé kan fún ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní àsìkò ìpolongo ìbò. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni ó fi ṣí i, ímeèlì ara rẹ̀ ni ó kọ síbẹ̀, dátà tí ó fi owó ara rẹ̀ rà ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́rin kọjá, ogún ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń tẹ̀lé ojú ewé náà. Nígbà tí ìbò abẹ́lé dé, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀ka. Ọ̀gá tí ọmọ náà ń tẹ̀lé bínú bọ́ sínú ẹgbẹ́ mìíràn, ọmọ náà sì bá a lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jí láti rí i pé àsíá ẹgbẹ́ kejì ni ń fẹ́ lórí ojú ewé wọn. Alága figbe olè ta. Ṣùgbọ́n ta ni olè? Orúkọ ta ni ó wà lára ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀? Ẹgbẹ́ kò ra ilẹ̀, kò kọ́ ilé, kò gba kọ́kọ́rọ́. Ó kàn ń sùn nínú rẹ̀ ni.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé ọgbọ́n tí ó yẹ kí a fi dènà èyí kì í ṣe ọgbọ́n tuntun sí wa. Akọ̀wé ẹ̀ka tí ó bá fi ipò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kó òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àti ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé lé ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́, lójú ẹlẹ́rìí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí a bá gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn a ka àga àti tábìlì, a kó kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, a sì fọwọ́ sí ìwé kí ó tó di ẹrù rẹ̀. Ní báńkì, ẹgbẹ́ tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe kì í jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lè gba owó. Ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ni yóò fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà kò lè jáde láìsí àmì ọwọ́ ènìyàn méjì, ṣùgbọ́n orúkọ rere tí ó mú owó náà wọlé ni a fi sí abẹ́ àtàǹpàkò ọmọ kan ṣoṣo. Èyí kò bójú mu.

Kí ni ó wá yẹ kí a ṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹgbẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ ni ilé tirẹ̀. Kí a fi ímeèlì ẹgbẹ́ ṣí ojú ewé, kí nọ́ńbà tí a so mọ́ ọn sì jẹ́ nọ́ńbà ẹgbẹ́. Kí síìmù náà má ṣe jẹ́ èyí tí a rà ní ọjọ́ ìpolongo tí a sì jù sínú dúrọ́ọ̀ lẹ́yìn ìbò. Ní orílẹ̀-èdè yìí, nọ́ńbà tí a kò bá lò fún oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ fóònù lè tì í pa. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, ẹni tí ó ni ín lè pàdánù rẹ̀ pátápátá, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ra nọ́ńbà náà lè di onílé láìmọ̀.

Ohun kejì ni pé kí olúkúlùkù ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti mọ. Àwọn tí ó ni àwọn ìkànnì wọ̀nyí ti ṣe ààyè sílẹ̀ fún èyí, àwa ni a kò lò ó. Lórí Facebook, kò sí ìdí tí ènìyàn márùn-ún fi ní láti pín ọ̀rọ̀ ìwọlé kan. Olúkúlùkù lè gba orúkọ ara rẹ̀ wọlé, kí a fún àwọn kan ní àṣẹ kíkún, kí a sì fún àwọn yòókù ní àṣẹ díẹ̀, kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá àwọn ènìyàn lóhùn má lè pa ojú ewé rẹ́. Lórí YouTube, ipò onílé yàtọ̀, ipò alábòójútó yàtọ̀, ipò ẹni tí ń ṣe àtúnṣe fídíò yàtọ̀, ipò ẹni tí ń wòran lásán sì yàtọ̀. Lórí X pẹ̀lú, onílé lè yan aṣojú láìsọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ fún un. Níbi tí ó bá di dandan kí a lo ọ̀rọ̀ ìwọlé kan ṣoṣo, kí ó gùn, kí ó má ṣe jẹ́ èyí tí a ń lò níbòmíràn, kí ó sì wà nínú áàpù tí a ṣe fún títọ́jú ọ̀rọ̀ ìwọlé. Kí a má ṣe kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì, kí a má sì fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù WhatsApp níbi tí igba ènìyàn ti lè kà á.

Àwọn tí a fún ní àṣẹ kíkún kò gbọ́dọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá mú kọ́kọ́rọ́, tí ikú tàbí ìrìn àjò sì mú un lọ, ilé di ahoro pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú rẹ̀. Ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí ó ní ipò nínú ẹgbẹ́, tí a sì lè pè kí wọ́n wá jẹ́jọ́, ni ó yẹ. Ní ilé ẹ̀kọ́, kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kí ó má sì sọ pé òun ti dàgbà jù fún iṣẹ́ fóònù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ọmọdé máa ṣe iṣẹ́ náà, kí àgbà sì mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà.

Ohun kẹta ni ilẹ̀kùn kejì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àṣẹ lórí ojú ewé ẹgbẹ́ má ṣe wà láìní in. Nọ́ńbà àṣírí tí a ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sàn ju kí a má ní ohunkóhun lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba síìmù gba àtẹ̀jíṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí ó dára jù ni áàpù tí ń ṣe nọ́ńbà náà jáde nínú fóònù fúnra rẹ̀, irú èyí tí Google ṣe, nítorí pé kò ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ fóònù kọjá. Nígbà tí a bá sì ń ṣe ètò yìí, ìkànnì náà lè fún wa ní àwọn nọ́ńbà ìgbàpadà tí a lè lò bí fóònù bá sọnù. Kí a tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, kí a tì wọ́n mọ́ inú àpótí tí a ń kó owó ẹgbẹ́ sí.

Ohun kẹrin ni ó rọrùn jù, òun náà sì ni a ń gbàgbé jù: ọjọ́ tí ènìyàn bá kúrò, ọjọ́ náà ni kí a gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìbáà fi ayọ̀ lọ, ìbáà fi ìbínú lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ èyí jù. Ẹ kì í fi orúkọ ọmọ tí ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn sílẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Kí gbogbo ẹgbẹ́ ní rẹ́jísítà kan tí a kọ orúkọ àwọn tí ó mú kọ́kọ́rọ́ sí, pẹ̀lú irú àṣẹ tí olúkúlùkù ní àti ọjọ́ tí a fún un. Kí a máa pe rẹ́jísítà yìí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí a sì tún wo àwọn áàpù àjèjì tí a ti so mọ́ ojú ewé náà nígbà kan rí tí a kò lò mọ́.

A kò gbọ́dọ̀ ṣàì dá ọ̀rọ̀ WhatsApp sọ, nítorí òun ni ó sún mọ́ àwọn ènìyàn wa jù. Ẹ̀tàn ibẹ̀ rọrùn, ó sì ti mú ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n. Oníjìbìtì yóò pe alábòójútó gúrúùpù lórí fóònù, yóò fi ohùn pẹ̀lẹ́ kí i, yóò sì ní òun ń ṣètò ìpàdé kan. Nọ́ńbà mẹ́fà kan yóò wọ inú fóònù rẹ, jọ̀wọ́ kà á fún mi. Ẹni tí ó bá kà á ti fi ilé lé e lọ́wọ́. Kí ó tó di ọ̀sán, oníjìbìtì yóò ti máa fi orúkọ rẹ̀ yá owó lọ́wọ́ àwọn òbí, tàbí kí ó kéde pé owó ilé ẹ̀kọ́ ti kúrò ní báńkì tí a mọ̀, ó ti bọ́ sí òmíràn. Kí gbogbo olùkọ́ kọ́ ara ilé rẹ̀ ní òfin kan yìí: nọ́ńbà mẹ́fà tí ó wọ inú fóònù, a kì í kà á fún ẹnikẹ́ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá ẹni. Kí a ṣe nọ́ńbà àṣírí ìgbésẹ̀ kejì tí WhatsApp fi sí ibi ètò rẹ̀. Kí a sì máa wo àwọn ẹ̀rọ tí a so mọ́ nọ́ńbà wa, nítorí ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn lè máa ka ọ̀rọ̀ wa yàtọ̀ sí fóònù ọwọ́ wa, kí a sì yọ èyí tí a kò bá mọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ àìfọkàntán. Wọn yóò ní ọmọ tí ń bá wa ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe olè, kí ni ìdí tí a ó fi máa ka kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́? A dá wọn lóhùn pé ààbò ọmọ náà gan-an ni à ń wá. Níbi tí ènìyàn mẹ́fà bá ti ń lo ọ̀rọ̀ ìwọlé kan ṣoṣo, bí ọ̀rọ̀ èébú bá jáde ní òru, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni a ó fura sí, ẹni tí kò sì ní baba ìsàlẹ̀ ni a ó rù ẹ̀bi lé lórí. Níbi tí olúkúlùkù bá ti ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ipasẹ̀ ẹni tí ó wọlé yóò hàn, aláìmọwọ́mẹsẹ̀ yóò sì lọ ní àlàáfíà. Akápò tí ó ní ìwé owó kì í bẹ̀rù ọjọ́ ìṣírò.

A sì ní ọ̀rọ̀ kan bá àwọn aṣáájú sọ, kí wọ́n má bínú. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé ohùn ẹgbẹ́ kiri ni a kò sanwó fún. Ìlérí ni a fi ń bọ́ wọn: kí ìbò kọjá ná, a ó rántí yín. Ìbò a kọjá, a kò sì ní rántí wọn. Ẹni tí a lò tí a kò sanwó fún, tí a sì fi gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún, ìdánwò ni a fi síwájú rẹ̀. A kò sọ pé ó dára kí ó gbé ojú ewé ẹgbẹ́ lọ. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí a pa ohun ìní rẹ̀ mọ́, kí ó kọ iṣẹ́ ọmọ náà sílẹ̀, kí ó sọ iye tí yóò máa gbà, kí ó ra dátà fún un, kí ó sì ṣe àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ti ẹgbẹ́ ni ojú ewé náà, kì í ṣe tirẹ̀. Òtítọ́ tí a sọ ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kì í di ìjà ní ọjọ́ ìkẹyìn.

Bí ewu bá wá ṣẹlẹ̀ láìka gbogbo èyí sí, kí a má ṣe fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Kí a yára kéde ní ibòmíràn, lórí rédíò, nínú ìwé ìròhìn, ní ojú ewé mìíràn tí ó jẹ́ tiwa, pé ohùn tí ẹ ń gbọ́ yìí kì í ṣe ohùn wa. Kí a pe àwọn tí ó ni ìkànnì náà lọ́nà tí wọ́n là sílẹ̀, kí a yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà, kí a sì lé gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà nínú ilé jáde. Ẹni tí a bá gba WhatsApp rẹ̀, kí ó tún fi nọ́ńbà rẹ̀ wọlé lọ́tun; bí ó bá ti rí i wọ̀, olè yóò bọ́ síta. Òfin tí a ṣe lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà ní ọdún 2015, tí a sì tún ṣe ní ọdún 2024, dá ìjìyà fún ẹni tí ó bá wọ ilé onílé bẹ́ẹ̀ tàbí tí ó bá fi orúkọ ẹlòmíràn ṣe jìbìtì. Kí a fi ẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé òfin lè mú olè, kò lè mú ọ̀rọ̀ tí ó ti jáde padà. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, ẹ ro ohun tí ọ̀rọ̀ èké kan lè dá sílẹ̀ bí ó bá jáde láti ojú ewé yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò: pé ẹni tí ẹ fà kalẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ fún ẹlòmíràn, pé a ti sún ìbò síwájú, pé kí àwọn ọmọlẹ́yìn yín kó igi jáde. Kí ẹ tó rí ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́, ìbò ti parí, ẹ̀jẹ̀ sì lè ti ta sílẹ̀. Àwa tí a ń kọ ìwé ìròhìn kò yọ ara wa sílẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Associated Press lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tí ń fi ọ̀rọ̀ ṣe òwò. Ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Nítorí náà, a bẹ gbogbo alága, gbogbo akọ̀wé, àti gbogbo ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí pé, ní ìpàdé tí ó bá tẹ̀lé e, kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún àwọn ohun tí a ó jíròrò lé lórí: ta ni ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé wa lọ́wọ́? Kí wọ́n má ṣe dìde títí a ó fi dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí akọ̀wé yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.